Irin Tí Bàámi Yàn fún Katakata

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún, tí àwọn àgbàlagbà ń dúró lẹ́bàá títì Yábàá tí wọn ò mọ apá ibi tí wọn ó kọ́kọ́ wò, ọdún náà ni Bàámi ní láti yan irin kan ṣoṣo tí wọ́n máa so mọ́ ẹ̀yìn katakata. Tí mo bá ní ọ̀rọ̀ irin yẹn ló jẹ́ kí n mọ ẹni tí bàbá mi jẹ́, àwọn ọmọ mi á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, Mọ́mì, irin katakata kẹ̀? Irin katakata ni o. Ẹni tí kò bá wa gbé Ilé Ẹlẹ́ṣin ò lè mọ̀.

Ilé Ẹlẹ́ṣin ni gbogbo àdúgbò ń pe ọgbà wa, ní apá Yábàá tó ń sọ̀ lọ sí Mákòkó. Mo ní ọgbà wa, àmọ́ ti Ọ̀gá ni. Agbaṣẹ́ṣe ni Ọ̀gá, ó ń la títì fún ìjọba, Sùúrùlérè ló kọ́lé sí, ó sì fẹ́ràn ẹṣin bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe fẹ́ràn bíà. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá gun ẹṣin, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Bàámi ti wa katapílà tó ń fá títì fún un fún ìgbà pípẹ́, títí ìbàdí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ni Ọ̀gá bá fi í ṣe alábòójútó ọgbà, ó fún wa ní yàrá méjì lẹ́yìnkùlé. Àwa tá a ń gbé ibẹ̀ ò pọ̀: Bàámi, Màámi tó ń ránṣọ, Ìyá àgbà tó bí Bàámi, èmi Bọ́sẹ̀, àti Gàníyù tó ń tọ́jú ẹṣin, tí yàrá tiẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́.

Ìró ló ń jí wa nínú ilé yẹn. Ìgbálẹ̀ mi ló kọ́kọ́ ń dún, nítorí èmi ni mo ń gbá iwájú ilé, tí Ìyá àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, pákò lẹ́nu ẹ̀, á máa ṣọ́ ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà la máa gbọ́ ohùn Gàníyù tó ń kí àwọn ẹṣin lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó fún wọn lóúnjẹ, ó ní ẹni tí ò bá kí ẹṣin láàárọ̀, ẹṣin ò ní gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ni katakata á wá wúkọ́, á wúkọ́, kó tó dìde, èéfín ẹ̀ á sì pàdé èéfín ẹja yíyan tó ń bọ̀ láti Mákòkó. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn ẹja yíyan, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n wá ìgbálẹ̀ mú. Ìyá àgbà ò sì fẹ́ kí n kàn máa gbálẹ̀ ṣáá. Ó ní kí n máa gbá a sínú, kí n má gbá a síta. Ó ní òun mọ ilé kan ní Ọ̀yọ́ tí àwọn ìyàwó ilé gbá ilẹ̀ ẹ̀ síta títí ìpìlẹ̀ fi yọ gọngọ, tí ògiri sì wó lọ́jọ́ òjò. Èmi máa ń kùn pé, ilẹ̀ tí wọ́n ní kéèyàn gbá, wọ́n tún ní kó má kó o dànù. Á ní, "Ìdọ̀tí ni mo ní kó o kó, mi ò ní kó o kó ilẹ̀."

Bàámi ní tiẹ̀, ilẹ̀ tó dán ló fẹ́ràn. Ẹni tó ti fi katapílà fá títì tó bẹ́ẹ̀ ò lè rí ibi tó rí gbágungbàgun kí ara ẹ̀ balẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn katakata wa, abẹ là ń pè é, nítorí bó ṣe ń fá ilẹ̀. Abẹ yẹn ni Bàámi fi ń tún ọ̀nà tó ti ẹnu géètì wọlé ṣe, èyí tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí kí mọ́tò Ọ̀gá má bàa rì sínú ẹrẹ̀. Tó bá ti tún ọ̀nà ṣe tán, á wọ pápá tí àwọn ẹṣin ti ń sáré yípo, á fá òun náà, á tún un fá, á kó iyanrìn tó bá fá kúrò lọ sí ẹ̀bá ọgbà, títí pápá fi máa tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Àwọn àlejò Ọ̀gá á ní, pápá yìí mà mọ́ o, Bàámi á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Màámi máa ń ní tó bá ṣeé ṣe, á fá orí àwa náà. Àmọ́ inú gbogbo wa ló ń dùn sí i, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: ọgbà ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í ní iyẹ̀pẹ̀ lójú. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó rò ó pé ohun tó wu èèyàn lè máà wu ẹṣin.

Gàníyù ńkọ́? Ìran tó ń tọ́jú ẹṣin ni ìran tiwọn ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí Ọ̀gá ń wá ẹni, Ìyá àgbà fúnra ẹ̀ ló wọ mọ́tò lọ sílé, tó lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin gíga ni, aláwàdà, tó bá ń gé pátákò ẹṣin ńṣe lá máa kọrin sínú. Àbúrò Àjòkẹ́ ló ń pè mí. Àjòkẹ́ ni abo ẹṣin pupa tí Ọ̀gá fẹ́ràn jù, èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́ Gàníyù, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ jẹ tiẹ̀ tán á máa wo tẹnì kejì.

Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ, Àjòkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tiro ní ẹsẹ̀ iwájú. Gàníyù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ ẹsẹ̀ náà, ó fi aṣọ dì í, ó gbé ẹní ẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹsẹ̀ ò san. Nígbà tí Ọ̀gá dé lọ́jọ́ Sátidé tó rí bí ẹṣin ẹ̀ ṣe ń tiro, ó béèrè ohun tó ṣe é. Èmi ni mo gbé garawa omi dání, nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Bàámi ló sọ̀rọ̀. Ó ní ó lè jẹ́ bí Gàníyù ṣe ń gé pátákò ẹ̀ ni, pé ọwọ́ ẹ̀ lè ti wọlé jù. Kò pariwo, kò bínú, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀. Gàníyù wo ilẹ̀. Kò jiyàn, ẹ̀gbọ́n ni Bàámi jẹ́ sí i. Ọ̀gá ní òun ń rin ìrìn àjò, tí òun bá padà dé tí ẹṣin yẹn ṣì ń tiro, kí Gàníyù di ẹrù ẹ̀ kó máa lọ sí Ọ̀yọ́, òun á sì ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn ẹ̀ pé ó ba ẹṣin òun jẹ́. Kò tíì mí tó fi kọjú sí Bàámi pé abẹ katakata ti jẹ tán, ọ̀nà sì ti ń di kòtò, kó lọ wo àwọn irin tí wọ́n ń tà ní Àpápá, kó yan ẹyọ kan, ẹyọ kan péré, kó sọ fún òun tí òun bá dé.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹlẹ́ṣin ò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ìyá àgbà ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, bó ṣe ń já ẹ̀fọ́. Ó ní nínú ìran Gàníyù, tí wọ́n bá ní ọmọ kan ba ẹṣin jẹ́, kò sí ẹni tó máa fún un ní okùn dì mú mọ́, àní tó bá jẹ́ okùn ewúrẹ́. Ó ní ojú wo lòun fẹ́ fi wo ìyá ẹ̀, òun tóun tọrọ ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn Ìyá àgbà ò bá wa jẹun pọ̀ mọ́, á gbé ẹ̀bà ẹ̀ jókòó sẹ́yìnkùlé, nígbà míì á gbé e padà bó ṣe wà. Bàámi ń rí i. 

Ilé ìwé ti gba ìsinmi, ni Bàámi bá mú mi dání lọ sí Àpápá. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta irin ní sùúrù, ó mú wa yípo. Abẹ tuntun ni Bàámi kọ́kọ́ lọ bá, ó fọwọ́ pa á lẹ́nu, ojú ẹ̀ ń tàn. Ọ̀gbẹ́ni yẹn wá fi èkejì hàn wá, ohun kan bí àpótí tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, tó ní eyín irin ńláńlá nísàlẹ̀. Ó ní ìyẹn dára fún ọ̀nà olókùúta ju abẹ lọ, torí eyín ẹ̀ á hú òkúta tó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, àpótí á kó o, á sì dá a padà sínú kòtò. Ẹ̀kẹta ò jọ nǹkan kan lójú mi. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n hun bí ẹní, tí wọ́n ki ìṣó kéékèèké sí i lábẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹní tí wọ́n sá sóòrùn. Bàámi ti fẹ́ kọjá. Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Ti ẹṣin nìyẹn, bàbá. Kì í fá ilẹ̀, ńṣe ló ń tú ojú ẹ̀ kó lè rọ̀. Tí ẹṣin bá ń sáré lórí ilẹ̀ líle, ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́."

Bàámi dúró. Ó béèrè pé ẹsẹ̀ wo? Ọkùnrin náà tún un sọ pé ẹsẹ̀ iwájú. Bàámi dúpẹ́, ó di ọwọ́ mi mú, a jáde, a ò yan nǹkan kan. Ó ti ṣèlérí búrẹ́dì fún mi kí á tó kúrò nílé, mo sì rán an létí, àmọ́ kò gbọ́ mi. Inú bọ́ọ̀sì ló ti ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ títí a fi dé Yábàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n ò tíì gbálẹ̀ tán tí mo rí Bàámi nínú pápá. Ó ti bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń sáré. Bàámi tí kì í sáré bí òjò bá ń lé e! Ó sáré yí pápá po, ó dúró, ó mí, ó tún sáré. Màámi jáde tòun ti orógùn lọ́wọ́, ó béèrè pé ṣé kò sí o. Bàámi ní kí gbogbo wa bọ́ bàtà ká máa bọ̀. Bí a ṣe ń sáré nìyẹn, Màámi tún ìró ẹ̀ dì, èmi ń rẹ́rìn-ín ní tèmi, Ìyá àgbà sì ń fi ọ̀pá ẹ̀ kan ilẹ̀, ó ń dún kó-kó-kó bí ìgbà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin tó ru ẹja bọ̀ láti Mákòkó dúró lẹ́bàá ọgbà, ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ìjọ tuntun la dá sílẹ̀. Gàníyù náà yọjú, ó rẹ́rìn-ín, mi ò tíì rí ẹ̀rín ẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé yẹn, ó sì padà sọ́dọ̀ Àjòkẹ́. Nígbà tó yá, Bàámi ní kí a dúró, ó béèrè ibi tó ń dun oníkálukú. Màámi ní láti gìgísẹ̀ dé orúnkún. Èmi ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń ta mí. Ó wá kó wa lọ sí ẹ̀bá ọgbà, níbi tí iyanrìn tó ti ń fá kúrò láti ọjọ́ yìí wá jọ sí gègèrè, ó ní ká sáré níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi rì wọ̀ ọ́, kò dùn mí rárá, mo fẹ́ máa ṣeré lọ. Bàámi jókòó sórí òkìtì iyanrìn náà, ó bo ojú ẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, òun ló kó o síbẹ̀.

Màámi kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kó tó yé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀, ó ní kí Bàámi yan àpótí eléyín yẹn. Ó ní á tún ọ̀nà ṣe bí Ọ̀gá ṣe fẹ́, kí wọ́n wá rọra máa fi eyín ẹ̀ tú pápá díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ Àjòkẹ́ á san, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi wá ní nǹkan kan. Àmọ́ tó bá lọ yan ẹní onírin, tí ò wúlò fún ọ̀nà, Ọ̀gá á bi í pé kí ló ṣe pápá. Ọ̀rọ̀ tó máa fi dáhùn lè lé wa kúrò nínú yàrá yìí, ibo la sì fẹ́ kó lọ? Bàámi ní eyín yẹn gùn jù, á hú yangí tó wà nísàlẹ̀ pápá jáde. Màámi ní kó rọra lò ó. Mi ò bá Màámi wí, nígbà yẹn àti nísinsìnyí tí mo ti gbé ilé ọkọ tí mo mọ ohun tí yàrá méjì jẹ́ l'Ékòó. Ẹni tó bá lóun ò ní dá irú ìmọ̀ràn yẹn, bóyá kò tíì sùn síta rí.

"Gàníyù ńkọ́?" ni Bàámi béèrè.

Màámi ní tí ẹṣin bá ti gbádùn, ọ̀rọ̀ Gàníyù tán nìyẹn. Bàámi mi orí, ó ní kò tán. Ó ní wọ́n á ní Gàníyù ba ẹṣin jẹ́, ẹṣin sì gbádùn fúnra ẹ̀. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìnkùlé tí a rò pé ó ti sùn ló dá wọn lóhùn, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀." Ẹ̀rọ Màámi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì sẹ́ni tó tún sọ nǹkan kan nípa irin nínú ilé títí Ọ̀gá fi dé.

Ọjọ́ tó dé, ọ̀nà ti bàjẹ́ pátápátá. Mọ́tò ẹ̀ bọ́ sínú kòtò kan, ó jáde, ó tún bọ́ sínú òmíràn, àlejò tó jókòó lẹ́yìn sì fi orí gbá òrùlé ọkọ̀. Inú ti ń bí Ọ̀gá kó tó sọ̀ kalẹ̀. Gàníyù ti mú Àjòkẹ́ jáde, ó dúró tì í, ẹṣin náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹrù Gàníyù ti wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Ọ̀gá wo ẹṣin, ó wo Gàníyù, ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, ni Bàámi bá bọ́ fìlà, ó ní òun ti yan irin, sà. Ọ̀gá béèrè pé èwo.

"Ẹní onírin, sà."

"Ìyẹn á tún ọ̀nà mi ṣe?"

"Rárá, sà. Ti pápá ni."

"Kí ló ṣe pápá? Ṣebí pápá mi ń dán."

"Dídán ẹ̀ ló ba ẹsẹ̀ Àjòkẹ́ jẹ́, sà. Èmi ni mo fá a tó fi le. Gàníyù ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo di ẹ̀bi ru ọmọ ọlọ́mọ níwájú yín."

Mo wo Màámi, ó ti di ojú.  Ọ̀gá rìn wọ pápá, ó fi gìgísẹ̀ bàtà ẹ̀ gbá ilẹ̀, ó tún un gbá. Ó béèrè ẹni tó fẹ́ máa tún ọ̀nà ṣe nígbà náà. Bàámi ní òun àti ṣọ́bìrì ni. Ọ̀gá wọlé lọ pẹ̀lú àlejò ẹ̀, a sì dúró síbẹ̀ nínú oòrùn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń mu nǹkan tútù, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àwa náà ló yẹ ká lọ di ẹrù. Ìgbà tí wọ́n ń lọ ló fi orí yọ lójú fèrèsé mọ́tò. Ó ní kí wọ́n lọ gbé ẹní náà wá, kí Gàníyù sì dúró ti ẹṣin ẹ̀. Ojú Bàámi ni kò wò.

Báyìí ni ẹní onírin ṣe wọ ọgbà wa. Bàámi kó iyanrìn ẹ̀bá ọgbà padà sínú pápá, ó ní kí wọ́n da ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n rí gbà níbi ìlagi ní Mákòkó pọ̀ mọ́ ọn, ó sì wọ́ ẹní lé e lórí yípo yípo. Ó fi ìlà sílẹ̀ lójú ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi òòyà ya irun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí katakata, ó wo ilẹ̀ tó rí játijàti, mo rí i pé ó ń dùn ún, ọwọ́ ẹ̀ ń wá nǹkan tó máa fi tẹ́ ẹ. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ńkọ́? Ṣọ́bìrì àti réèkì ló fi ń tún un ṣe lálaalẹ́, ọkùnrin tó ti fi katapílà fá títì ìjọba rí, kò sì dán mọ́ bíi tàtijọ́. Àwọn àlejò ń ráhùn, ó ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Àjòkẹ́ ti ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sáré yípo tí kò tiro, mo sunkún débi tí Ìyá àgbà fi ní ṣé èmi ni wọ́n gùn ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Gàníyù wá bá Bàámi pé òun fẹ́ máa lọ sílé. Bàámi rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó ní ṣebí Ọ̀gá ti ní kó dúró, ẹṣin ti gbádùn, òun sì ti jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé, kí ló tún kù? Gàníyù jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gba yín gbọ́," ló wí. "Ọjọ́ tí ẹ ní ọwọ́ mi ti wọlé jù, mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti mú ọ̀bẹ tí mo fẹ́ gé pátákò, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n. Mo fẹ́ lọ máa gé e níṣojú bàbá mi, bóyá á dúró."

  Láàárọ̀ ọjọ́ tí Gàníyù ń lọ, a sìn ín dé ibùdókọ̀ Jíbówú. Kí á tó kúrò nílé, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpótí ẹ̀, Bàámi ti gbé e lé orí ara ẹ̀. Gàníyù dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó ní ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, kò yẹ bẹ́ẹ̀, ta ló rí kí àgbà máa ru ẹrù ọmọdé? Ìyá àgbà ní kó dìde, kó jẹ́ kí Bàámi rù ú. Àwọn èèyàn tó mọ̀ wá ń jáde wò wá bá a ṣe ń kọjá, wọ́n ń kí Bàámi, kò lè tẹrí ba dá wọn lóhùn nítorí àpótí. Gàníyù ń tẹ̀lé e lẹ́yìn lọ́wọ́ òfìfo, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sí abíyá, ó sì ń sunkún.